Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tí Káfíńtà Tò Nílé

Bí ẹ bá ti ní ọkọ̀ rí, ẹ ó mọ bí ọkùnrin ṣe máa ń dúró ti táyà. Yóò káwọ́ sẹ́yìn, yóò fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan, yóò wá mi orí bí ẹni pé táyà ọ̀hún ti jẹ́wọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni káfíńtà kan ṣe dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, nínú àgbàlá ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà.

Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà yìí, orúkọ náà sì bá a mu. Ilẹ̀kùn tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́, ọmọdé lè fi ìka kan tì í, yóò sì pa dé láìdún. Bó bá wọ ilé onílé, kó tó kí wọn tán ni yóò ti wí pé, "Fèrèsé yín yìí mà wọ́ díẹ̀ o." Àwọn kan ò tiẹ̀ fẹ́ kó wá kí àwọn mọ́ nítorí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, táyà iwájú méjèèjì ló ti jẹ níhà inú. Ìhà ìta ṣì ní eyín dáadáa, ṣùgbọ́n ìhà inú ti dán bí orí apárí.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí ni mẹkáníìkì wí?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Ó ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti wọ́. Ó ní orí táyà ń tẹ̀ sínú, ìsàlẹ̀ ń yọ síta. Kámbà lòun pè é. Ó ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aláínmẹ́ǹtì, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tò ó."

"Ìgbà wo lẹ wá fẹ́ gbé e lọ?"

Gúnrégé bú sẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n lè bá mi na nǹkan tó wọ́? Èmi? Ìwọ náà gbọ́ ohun tó o sọ."

Ìyá ń gbọ́ wọn láti orí àga. Ojú òsì Ìyá ti fọ́ tipẹ́. Àrùn kan tó máa ń mú kí inú ẹyin ojú le ju bó ṣe yẹ lọ ló fọ́ ọ, láìdùn ún, láìsọ fún un. Ojú ọ̀tún nìkan ló kù, àrùn yẹn sì ti ń jẹ ẹ̀bá rẹ̀ bọ̀ wá sí àárín. Dókítà ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìlú kejì. Dókítà là á yé wọn pé iṣẹ́ abẹ náà ò lè dá èyí tó ti lọ padà, ṣùgbọ́n pé yóò dá ìyókù dúró síbi tó wà.

Ìyókù yẹn tó Ìyá lò. Òun ló fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́nu géètì kí onítọ̀hún tó lanu. Òun ló fi ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Òun ló sì fi ń dá ẹjọ́ aṣọ àwọn tó ń kọjá lójú títì. Bí ẹnì kan bá kọjá pẹ̀lú ṣòkòtò tí kò bá a mu, Ìyá á ní, "Ọ̀tá rẹ̀ ló rán ìyẹn fún un." Ilé á wó fún ẹ̀rín.

"Màámi," Gúnrégé pè é, "ẹ ò ní gbọ̀n jìgìjìgì lọ sílé ìwòsàn. Mo máa na ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí kó tó di ọjọ́ yẹn. Ẹ ó kàn máa sùn lọ ni."

"Ọkọ mi, o ṣeun," Ìyá dáhùn. "Èmi ṣá fẹ́ dé ibẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má bàa pe ọkùnrin yìí ní òmùgọ̀ lásán. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń gbọ̀n, ó sì ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì fẹ́ kí orí Ìyá máa mì. Ìfẹ́ àti ìgbéraga ló jọ gbé sípánà lọ́jọ́ náà, èmi ò sì mọ èyí tó lágbára jù nínú àwọn méjèèjì.

Mẹkáníìkì tó ń gbé lójúlé kejì kọjá, ó sì rí i tó ń gbé jáàkì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ohun tí ìwọ ò lè ṣe."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ o. Èmi tí mò ń tú ẹ́ńjìnnì lójoojúmọ́, mi ò jẹ́ ṣe é, torí mi ò ní ẹ̀rọ rẹ̀."

"Ìwọ ò lójú tó gún ni."

"Kì í ṣe ojú la fi ń rí i, ẹ̀gbọ́n. Ó kéré ju ohun tójú lè rí lọ."

"Máa lọ jàre. Ohun tó wọ́, wọ́n ń nà án ni."

Mẹkáníìkì gbọ́wọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ì bá má rẹ́rìn-ín, pé òun ì bá gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní ń gba sípánà lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ?

Àgbàlá ilé náà dagẹ̀rẹ́ díẹ̀ sápá ibi tí gọ́tà wà, kí òjò lè rí ọ̀nà lọ. Gúnrégé mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí bíríkìlà ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò kà á sí. Ohun tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kì í létí ni pé ilẹ̀ lè parọ́, ṣùgbọ́n lẹ́fẹ̀lì kì í parọ́. Bí ilẹ̀ ilé kan bá wọ́, tí ẹ sì gbé ilẹ̀kùn tẹ̀lé ilẹ̀ ọ̀hún, ilẹ̀kùn á máa ṣí fúnra rẹ̀. Káfíńtà gidi kì í wo ilẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní gíláàsì lára ló ń wò, tí omi wà nínú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ roboto kan sì ń sáré nínú omi náà. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti dúró láàárín, iṣẹ́ ti gún nìyẹn.

Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Ó yọ táyà, ó sì wo inú. Ó rí bóòtù ńlá méjì tó so ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mọ́ irin tó gbé táyà dání. Ó dẹ̀ wọ́n. Ó ti irin náà síta, kò lọ tó bó ṣe fẹ́, torí ihò tí bóòtù gbà kọjá há.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó mú fáìlì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ihò náà kó lè fẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ aṣọ sílẹ̀. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

"Ihò tó bá ṣorí kunkun, fáìlì loògùn rẹ̀."

"Irin mà ni, kì í ṣe pákó."

"Irin àti pákó, ìyá kan náà ló bí wọn."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ohun tó yẹni ló yẹni o, Bàbá àwọn ọmọ. Okùn ọrùn ò yẹ adìyẹ." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó wọlé. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ tó láti mọ ìgbà tí àríyànjiyàn ò wúlò.

Gúnrégé dá táyà padà, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ó gbé lẹ́fẹ̀lì lé ojú irin táyà lóròó, ó ń ti orí táyà síta díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi dúró sáàárín gíláàsì. Inú rẹ̀ dùn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn táyà, ó sì fi sípánà dé bóòtù méjèèjì.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Káfíńtà kì í fi gbogbo agbára dé ìdè, ìyẹn síkúrù. Bí ìdè bá ti mú, tí pákó sì ti dún fín, ó gbọ́dọ̀ dúró, torí bó bá fi díẹ̀ kún un, pákó á là. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọwọ́ Gúnrégé ti mọ ibi tó yẹ kó dúró. Òun ló jẹ́ kí àga rẹ̀ máa tọ́jọ́. Ọwọ́ náà ló gbé lọ síbi bóòtù ọkọ̀. Ó gbọ́ tó dún fín, ó dúró.

Ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Nígbà tó parí, ó pe Ìyá.

"Màámi, ẹ wá wò ó!"

Ìyá dìde, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú ọ̀tún lè ríran, ó sì wo táyà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. "Ó gún," ó ní. "Ó gún bí ẹ̀ṣọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀."

Gúnrégé gbé ìyàwó rẹ̀, wọ́n wa ọkọ̀ yípo àdúgbò. Wọn ò tíì dé ìkóríta tí obìnrin náà ti sọ̀rọ̀.

"Ó ń fà sọ́tùn-ún o. Ẹ wo bí ẹ ṣe di sítíárìn mú."

"Táyà ti mọ́ wíwọ́ lára ni. Á tún ara rẹ̀ ṣe."

"Táyà ló máa tún ara rẹ̀ ṣe?"

"Ṣé o fẹ́ kí n bínú ni, àbí o fẹ́ kí n wakọ̀?"

Obìnrin náà yí ojú sí fèrèsé. Gúnrégé náà mọ̀ pé ó ń fà. Ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ó mọ̀ ọ́n lápá. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún Ìyá, mẹkáníìkì sì jókòó síwájú ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó ń wò wọ́n. Gúnrégé ju ọwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Wọ́n tètè jáde láàárọ̀. Ìyá jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún, wọ́n de bẹ́líìtì fún un, wọ́n sì fi ìrọ̀rí kékeré ti ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ tó mọ́ jù lọ ló wọ̀. Ó ní dókítà ò gbọ́dọ̀ rò pé inú igbó lòun ti wá.

Bí wọ́n ṣe jáde sójú ọ̀nà márosẹ̀ ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún níwájú. Bí táyà bá ti wọ kòtò kékeré, á dún, kó, kó. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, á dákẹ́.

"Kí nìyẹn?" ìyàwó béèrè.

"Ọ̀nà ni," Gúnrégé dáhùn.

Kó, kó.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Ẹnì kan mà ń kanlẹ̀kùn lábẹ́ ọkọ̀. Káfíńtà, ṣí i fún un, kó wọlé kó wá jókòó."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Gúnrégé ló rẹ́rìn-ín jù. Títí dòní, bó bá rántí ẹ̀rín yẹn, ojú máa ń tì í. Ilé epo kan wà níwájú, ó tóbi, ó láyè, wọn ì bá yà síbẹ̀. Ó wo aago, ó wo ilé epo, ó sì kọjá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti ń rọ̀ lọ sísàlẹ̀ tó sì ti yí kọ́rọ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Gúnrégé tẹ bíréèkì kó tó wọ kọ́nà. Ó gbọ́ ìró kan tó ju kó-kó lọ. Bóòtù apá ọ̀tún yọ̀ nínú ihò tó fi fáìlì fẹ̀, orí táyà ṣubú sínú, sítíárìn sì já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á sósì, ọkọ̀ lọ sọ́tùn-ún. Kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí, kò sí ẹni tó lé wọn. Wọ́n kàn ń lọ sẹ́bàá ọ̀nà, bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́, títí iwájú ọkọ̀ fi wọ gọ́tà oníkọnkéré.

Gúnrégé ò fara pa rárá. Ìyàwó rẹ̀ fi apá gbá ilẹ̀kùn, apá náà wú. Bẹ́líìtì dá Ìyá dúró kó má fò síwájú, ṣùgbọ́n kò dá orí rẹ̀ dúró. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló gba orí náà, ibi ojú gan-an.

"Ìyá! Ìyá!" ìyàwó ń pariwo.

"Mo wà," Ìyá dáhùn. Ó fọwọ́ bo ojú rẹ̀. "Ẹ má pariwo. Ẹ kàn sọ fún mi, ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?"

Oòrùn àárọ̀ wà lókè.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ náà ni ọlọ́kọ̀ kan gbé wọn dé. Dókítà tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ abẹ ló gba Ìyá wọlé. Nígbà tó jáde, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni ọmọ wọn?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹyin ojú ti ya láti inú. A ṣe gbogbo ohun tí agbára wa ká. Wọn ò ní fi ríran mọ́."

Gúnrégé mi orí, kò tíì yé e. "Èyí tó kù ńkọ́, sà?"

"Èyí tó kù náà ni mò ń sọ," ni dókítà wí.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwa náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí i rí, ẹ má rò pé ó máa ń dé pẹ̀lú ariwo. Gúnrégé kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń fi àtàǹpàkò tọ́ etí bẹ́ǹṣì náà lọ, ó ń tọ́ ọ bọ̀.

Ìlú tí Ìyá wà ní ilé ìwòsàn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ojú pópó wọ́ ọkọ̀ lọ. Nígbà tó ṣe, wọ́n ránṣẹ́ pe Gúnrégé sí ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tó bá ní ìjàǹbá sí. Obìnrin kan ló dúró dè é níbẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó ti yẹ abẹ́ ọkọ̀ náà wò.

"Ẹ kú ìrójú, sà. Ara Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n ń gbádùn," Gúnrégé dáhùn, torí ohun tí èèyàn ń sọ nìyẹn.

"Ta ló ṣe ẹsẹ̀ iwájú yìí?"

Ó fẹ́ parọ́. Ó ti la ẹnu láti wí pé mẹkáníìkì ni. Ojú tí obìnrin náà fi wò ó ni kò jẹ́.

"Èmi ni."

Obìnrin náà ò pariwo mọ́ ọn. Gúnrégé sọ fún mi pé ì bá sàn fóun ká ní ó pariwo.

"Níbo lẹ ti ṣe é?"

"Nínú àgbàlá mi."

"Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú?"

"Ó dagẹ̀rẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tẹ̀lé ilẹ̀, lẹ́fẹ̀lì ni mo fi wọ̀n ọ́n. Káfíńtà ni mí."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Sà, ilẹ̀kùn kì í rìn. Ara ògiri ló wà, kò sóhun tó kàn án pẹ̀lú ilẹ̀. Ọkọ̀ ní tirẹ̀, orí ilẹ̀ ló ń gbé. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ́, ọkọ̀ náà á tẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ wá na táyà bá lẹ́fẹ̀lì mu níbi tí ọkọ̀ ti tẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀nà tó tẹ́jú, táyà kan tẹ̀ sínú, èkejì tẹ̀ síta. Ṣé kò fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

"Ó fà."

"Ẹ tún gbọ́. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ò tiẹ̀ ní kí gbogbo táyà dúró ṣánṣán bí ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Òmíràn á tẹ̀ sínú bíńtín, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ojú ò lè rí i, lẹ́fẹ̀lì ò lè sọ ọ́. Ẹ̀rọ aláínmẹ́ǹtì ló ń fi ìwọ̀n tirẹ̀ wé ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é."

Ó tẹ̀ ba lábẹ́ ọkọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì síbi bóòtù. "Èyí ńkọ́? Báwo lẹ ṣe dé e?"

Gúnrégé fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, bó ṣe máa ń ṣe sí pákó. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ló yé e. Ọwọ́ náà dúró sí agbede méjì.

"Ẹ rí i fúnra yín," obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Sípánà kan wà tí wọ́n ń fi dé irú bóòtù yìí, á sọ fún yín nígbà tó bá tó. Ó le gan-an ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí gbogbo ìwúwo iwájú ọkọ̀ ló rọ̀ mọ́ ọn. Bóòtù tí wọ́n bá sì ti tú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ pé tuntun ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin ha ihò rẹ̀ fẹ̀, ẹ wá dé e bí ẹni dé ìkòkò. Gbogbo kòtò tí ẹ wọ̀ ló ń dẹ̀ ẹ́. Kò ha dún létí yín?"

"Ó dún," Gúnrégé dáhùn.

"Ohun tó dùn mí jù ló kù." Ó fi irin kan gbé oríkèé tó wà nísàlẹ̀ táyà kejì, èyí tí kò wọ gọ́tà. Oríkèé náà ń mì bí eyín tó fẹ́ ká. "Ìdí tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín fi wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó ti jẹ. Táyà tó ń jẹ níhà kan, àmì àìsàn ni, òun kọ́ ni àìsàn. Ká ní ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn, wọn ì bá kọ́kọ́ yẹ èyí wò, wọn ì bá pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó tò ó. Ẹ ì bá má pẹ́ níbẹ̀, sà. Ẹ ì bá ti padà délé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná."

Gúnrégé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí obìnrin yẹn ti lọ. Ó fẹ́ sunkún, kò rí omijé.

Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá délé, àwọn aládùúgbò kún inú yàrá. Ẹ mọ bí àwa èèyàn ṣe máa ń tuni nínú. Ọ̀kan ní ká dúpẹ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òmíràn ní ibi tí ọkọ̀ já sí yẹn, ojú lásán kọ́. Obìnrin kan sún mọ́ ibùsùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, iṣẹ́ ayé ni. Ẹnì kan wà tí kò fẹ́ kí ẹ ríran."

Ìyá mi orí lórí ìrọ̀rí. "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo ti ń rò ó pé ta ni mo ṣẹ̀."

Gúnrégé gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ì bá bi í léèrè. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ òtítọ́ nínú yàrá náà, kò sì wò ó, ó ń pa ìgbátí aṣọ Ìyá mọ́. Ṣùgbọ́n kí ìyá ẹni wà nínú òkùnkùn, kó tún máa wá ọ̀tá kiri nínú rẹ̀, ìyẹn ti pọ̀ jù.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Màámi, kì í ṣe ayé. Èmi ni."

"Èwo ni ìwọ ni?"

"Mi ò mọ iṣẹ́ tí mo ṣe sára ọkọ̀ yẹn. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mi ò dé bóòtù rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní kí n gbé e lọ, mo kọ̀."

Ìyá yí orí sápá ibi tí ohùn ti ń wá. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ohun tó ń kan yẹn ńkọ́?"

"Òun náà ni."

"O gbọ́ ọ nígbà yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ó yẹ kó o dúró," Ìyá wí. "Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ìwọ gbọ́ ọ. Ó yẹ kó o dúró."

Kò bú u, kò sì sọ fún un pé kò sí nǹkan. Ó na ọwọ́ jáde, ó ń wá ibi tí orí ọmọ rẹ̀ wà, ọwọ́ náà kọ́kọ́ ba èjìká, ó sì dúró síbẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Mú mi lọ sílé ìwẹ̀. Mi ò mọ ibi tí ògiri wà."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Gúnrégé gbẹ́ ọ̀pá ìdìmú kan, ó kàn án mọ́ ògiri láti ẹnu yàrá Ìyá títí dé ilé ìwẹ̀, àti láti ibẹ̀ dé orí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi pépà oníyanrìn ha á títí kò fi sí ibi kankan lára rẹ̀ tó lè gún ìyá àgbà lọ́wọ́. Ìyá máa ń di ọ̀pá náà mú láàárọ̀, yóò máa fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Gúnrégé á jáde sí àgbàlá. Kò lè jókòó wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Bí táyà iwájú yín bá ń jẹ níhà kan, tàbí tí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ aláínmẹ́ǹtì àti ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ ní kí wọ́n yẹ oríkèé àti ṣọ́ọ̀kì wò kí wọ́n tó tò ó, torí ẹsẹ̀ tó ti jẹ, títò ò lè wò ó sàn. Ohun tí ẹ lè ṣe nílé ni kí ẹ máa fọwọ́ pa ojú táyà wò, inú àti ìta, kí ẹ sì rí i pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó. Ẹ má fi fáìlì kan ihò bóòtù. Ẹ má tú ohun tí ẹ ò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dé e. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín, kódà kó jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́, tí ẹ wá gbọ́ ìró tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó máa wò ó. Ẹ má wo aago. Dókítà á dá ọjọ́ mìíràn.

Gúnrégé fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ìtàn yìí, ká sì fi ìnagijẹ òun síbẹ̀ bó ṣe wà. Mo bi í pé àǹfààní wo ló rò pé ó máa ṣe. Ó ní òun mọ̀ pé kò ní dá ojú ìyá òun padà, ṣùgbọ́n ó lè dá ojú ìyá ẹlòmíràn sí.